Ẹ kọ orúkọ onílù sí i

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìwé ìròyìn yín bá jáde, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi la jọ máa ń kà á ní ṣọ́ọ̀bù kí a tó fọwọ́ kan máṣíìnì. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló máa ń kà á sókè, kí ẹnu rẹ̀ lè mọ́ Yorùbá. Lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló mú mi gbé kálàmù lónìí. Bàbá kan ní Sùúrùlérè ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn lu agogo nínú ẹgbẹ́ jùjú fún ogún ọdún, àti pé àwa tí à ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá, tí olúkúlùkù ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnì kan tó kó o pọ̀, a kì í ṣe olórin. Wọ́n ní ẹni tí kò gbọ́ èémí ẹnì kejì rẹ̀ kò lè bá a ṣeré.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní kí ọmọ náà kà á. N kò ní fi ìbínú dá àgbàlagbà lóhùn, pàápàá ẹni tó ti jókòó sídìí agogo fún ogún ọdún. Ẹni tó bá mọ eré jùjú mọ̀ pé bí alágogo bá ṣìnà, gbogbo agbo ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ara àwọn tí bàbá ń bá wí ni mo wà, mo sì mọ ohun tí à ń ṣe. Mo tún mọ ibi tí ẹ̀dùn gidi wà nínú iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe ibi tí bàbá nawọ́ sí.

Aránṣọ ni mí ní Bàrígà, ọdún kẹtàlélógún rèé nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. N kò gba kọ́bọ̀ lórí orin rí. Akọrin ìjọ ni mo jẹ́, àárín àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Ìgbà kòrónà ló sọ mí di ẹni tó ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ti Èkó pa ní aago mọ́kànlá, tí wọ́n ti Àbújá mọ́ ọn, kò sí ẹni tó ń rán aṣọ ẹbí mọ́, ṣọ́ọ̀ṣì náà sì wà ní títì. Ọ̀gá akọrin wa ní kí kálukú kọ ipa tirẹ̀ sínú fóònù kó fi ránṣẹ́ sóun. Rúdurùdu gbáà ni ti àkọ́kọ́, ẹnì kan ti kọ orin tán kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé ìjọsìn padà ṣí, àwọn yòókù pa á tì. Èmi kò lè pa á tì.

Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe é báyìí. Bọ̀ọ̀dá onígìtá wà ní Abẹ́òkúta, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Onílù wa wà ní Ọ̀yọ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ Àyàn tó bá ìlù nílé. Ẹni tó ń po gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Manchester ní ìlú Ọba, ọjọ́ tí kò bá sí níbi iṣẹ́ ló máa ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá onígìtá nìkan ni mo ti fojú kàn rí.

Ẹni tó bá mọ Bàrígà mọ ariwo. Láti ìdájí ni ọmọ ọkọ̀ ti ń pe Yábàá, ń pe Oyíngbò. Tí ìyẹn bá rọlẹ̀, ẹ̀rọ agbóhùnsókè á gbà á, jẹnẹrétọ̀ á sì gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Aago méjì òru ni mo máa ń gba ohùn mi sílẹ̀. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní ọdún 2023, àwọn aládùúgbò mi kì í tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú mọ́. Ìyà ni fún àwa gbogbo, n kò sì ní dúpẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òru wa ti dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo máa ń pa fáànù, mo máa ń ti fèrèsé, òógùn á bò mí.

Ilé ni mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, nínú yàrá tí a fi táìlì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ohùn mi sì ń dún bí ohùn ẹni tó wà nínú àgbá. Ọmọ tó wà ní Manchester bi mí pé, "Ìyá, kí ló wà nínú yàrá yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀dì ni. Ó ní ṣé kò sí ibi tí aṣọ pọ̀ sí? Ẹ gbọ́, èmi aránṣọ ni wọ́n ń bi bóyá mo mọ ibi tí aṣọ pọ̀ sí! Lóru ọjọ́ náà mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fi ìdì ankará àti léèsì àwọn oníbàárà yí ara mi ká, mo gbé búbá tí mo ti rán tán kọ́ sẹ́yìn fóònù, mo kọrin. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó bi mí pé sítúdíò wo ni mo lọ. Ògiri lásán a máa ju ohùn padà, aṣọ a máa gbé e mì. Ní ìgbà èwe mi, ẹni tó bá fẹ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ ní Èkó, àwọn ilé iṣẹ́ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ló máa lọ, bíi ti EMI ní Àpápá, níbi tí Paul McCartney ti ìlú Ọba wá gba orin sílẹ̀ ní ọdún 1973. Ta ni ì bá jẹ́ kí aránṣọ Bàrígà wọ ibẹ̀?

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Bọ̀ọ̀dá onígìtá ló máa ń kọ́kọ́ ta tiwọn, kí orin lè ní egungun. Wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń dún tí-tí-tí sétí, ká ní ìgbà 96 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí eré sáré tàbí kó fà sẹ́yìn. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èmi náà á gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn, n ó pa tèmi lé e, onílù á pa tirẹ̀, ẹni tó ń po orin á wá to gbogbo àtẹ́wọ́ náà sójú kan náà. Íàpíìsì olókùn la máa ń lò, nítorí èyí tí kò lókùn a máa pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé ohùn dé etí, díẹ̀ yẹn náà sì tó láti mú kí onílù máa kẹ́yìn. Tí a bá sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bíi document la ṣe ń fi í ránṣẹ́. Tó bá lọ bíi ohùn lásán, wọ́n á fún un pọ̀, adùn rẹ̀ á sì dínkù. Ohùn mi nìkan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin máa ń tó MB 21. Ìgbà márùn-ún, ìgbà mẹ́fà ni mo sì máa ń kọ ọ́ kó tó dára. Ẹ bá mi ṣírò dátà rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí a ò kúkú jọ ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà lórí ẹ̀rọ. Kò ṣeé ṣe ni. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí onílù bá dúró ní mítà mẹ́wàá sí olórin, ohùn ìlù á ti pẹ́ tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ẹni tó bá ti ṣeré lójú agbo títóbi mọ̀ pé níbẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Orí fóònù láàárín Bàrígà àti Ọ̀yọ́, ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà la ṣe ń ṣe é ní lílọ bíbọ̀: ọmọ yẹn á lù ú, n ó gbọ́ ohun tí ìlù sọ, n ó tún orin mi kọ láti dá a lóhùn, òun náà á tún gbọ́, á tún ìlù lù. Orin kan lè gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ti èémí tí bàbá sọ, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mò ń gbọ́ ọ. Nínú íàpíìsì lóru, mò ń gbọ́ ìka Bọ̀ọ̀dá bó ṣe ń yọ̀ lórí okùn gìtá. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí kí wọ́n tó yí ohùn padà. Mo mọ ọjọ́ tí àyà ń dùn wọ́n. Nínú orin wa kan, àkùkọ ilé wọn kọ ní ìṣẹ́jú kejì gan-an, a ò sì yọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Jùjú fúnra rẹ̀ kò sì bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá rí. I.K. Dairo gbé àkọ́díọ̀nù wọ inú rẹ̀, èyí tí kò sí nínú ilé Àyàn kankan, síbẹ̀ a jó o, Ọbabìnrin ìlú Ọba sì fi oyè MBE dá wọn lọ́lá ní ọdún 1963. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí nìyí. Ọdún kan sẹ́yìn, ọmọ tó wà ní Manchester kò ráyè, a bá gbé orin wa kan fún ẹnì kan níbí ní Èkó kó bá wa pò ó. N kò ní sọ orúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ àdúgbò rẹ̀. A san owó fún un. Àwọn kọ̀ǹpútà ní ètò kan tó ń tún ohùn ṣe, láti ọdún 1997 ni irú rẹ̀ ti jáde ní Amẹ́ríkà, gbogbo ayé sì ń lò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọ́ ohùn tí kò bá dúró déédéé lọ sórí ohùn tó sún mọ́ ọn jù. Ẹni náà fi í sórí ohùn mi. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ ni mo fi tọ́ ọmọ mi. Nígbà tí orin dé ọwọ́ mi, ẹ̀kọ ni mo gbọ́. Ẹ̀rọ ti fa ohùn òkè yẹn wálẹ̀ kó lè bá gìtá mu. Òun kò gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀, torí kò fetí sí ọ̀rọ̀.

Tèmi ṣì ṣeé fara dà. Ó fi ètò kan náà sórí ìyáàlù. Ẹni tó bá lu dùndún rí mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Ọwọ́ tó ń fún ọsán kì í gun ohùn bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn, ó máa ń yọ̀ ọ́ lọ sókè, ó máa ń yọ̀ ọ́ bọ̀ wálẹ̀, inú yíyọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ gé gbogbo yíyọ̀ náà, ó sọ ọ́ di dò, re, mí. Ìlù ń dún, kò sọ nǹkan kan mọ́. A ti rí ohun tó jọ ọ́ tẹ́lẹ̀ tí kò bà wá lẹ́rù: ọmọ náà fi 48,000 gba ìlù sílẹ̀ nígbà tí tiwa jẹ́ 44,100, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ ọ́n, ìlù náà wá ń wọ́ bí ẹni tó ń tòògbé, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n a ṣì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ, torí pé lápapọ̀ ni gbogbo ohùn náà jọ sọ̀kalẹ̀, òkè ṣì jẹ́ òkè sí ìsàlẹ̀. Ti ẹni yìí, ó mú ohùn kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sí ibi tó wù ú.

Ohun tí ìlù náà ń sọ ni oríkì bàbá bàbá ọmọ náà, onílù tó kọ́ ọ ní ìlù. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló to ọ̀rọ̀ rẹ̀.

A kò gba orin náà lọ́wọ́ ẹni yẹn, a ní kó pa á rẹ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, onílù wa pè mí láti Ọ̀yọ́. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ wo ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí yín." Ìpolówó ọtí ewé ni, ọkùnrin kan ń pariwo pé ó ń wo ẹ̀yìn dídùn, lábẹ́ ohùn rẹ̀ ni ìyáàlù ọmọ náà ń dún. Wọ́n ti gé oríkì bàbá bàbá rẹ̀ ní àárín, wọ́n ń yí ìdajì kan ṣoṣo po. Orúkọ ẹni tó po orin yẹn nìkan ló wà lára rẹ̀. Mo pe fóònù rẹ̀ títí, kò gbé e. Ọmọ náà kò lu ìlù fún oṣù méjì. Ó ní kí n má dárúkọ òun nínú ìwé ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbọ́ tirẹ̀.

Níbí ni mo ti rántí bàbá mi. Ẹ̀bútè Mẹ́tta la gbé nígbà náà, bàbá mi ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ jùjú kan. Tí wọ́n bá ti òde dé ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, pálọ̀ wa ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ìyá mi á tẹ́ ẹní. Wọ́n á da owó tí àwọn èèyàn lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí sílẹ̀, òmíràn ṣì tutù fún òógùn, àwa ọmọdé á máa bá wọn tún un tò. Ọ̀gá á mú tirẹ̀, onígìtá á mú tirẹ̀, ó ń bọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ru ẹ̀rọ. Wọ́n máa ń jà sí i, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo wọn ni. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ̀ pé bàbá mi wà níbi eré náà, torí bàbá mi ló jókòó síbẹ̀ yìí, tí wọ́n ń nu ojú.

Ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì gbà lọ́wọ́ wa nìyẹn, bàbá wa. Kì í ṣe èémí. Ẹní ni. Ẹni tó po orin ní yàrá rẹ̀ kò rí ojú ọmọ Ọ̀yọ́ rí. Lójú rẹ̀, ìlù náà jẹ́ fáìlì kan tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ó lè gé e, ó lè tà á, kò sí ẹni tó máa kọjú sí i láàárọ̀ Àìkú.

N kò sì ní purọ́ pé ayé àtijọ́ dára tán. Àwo orin mẹ́ta ni bàbá mi ti lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo ṣì ní méjì nílé. Orúkọ ọ̀gá wà lẹ́yìn páálí, lẹ́tà gàdàgbà, wọ́n wá kọ "àti ẹgbẹ́ rẹ̀" sábẹ́. Bàbá mi wà nínú "ẹgbẹ́ rẹ̀" yẹn títí wọ́n fi kú. Mo gbà gbọ́ pé bàbá alágogo ní Sùúrùlérè náà wà nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn páálí kan níbì kan. Kí wọ́n lọ wò ó.

Àwa ti ń kọ ìwé báyìí. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ohùn tàbí ìlù ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, a ti kọ ọ́ sójú ewé kan: ẹni tó kọ orin, ẹni tó ta gìtá, ẹni tó lu kí ni, ẹni tó pò ó, àti iye tó máa kan kálukú bí owó bá wọlé. Owó kò tíì wọlé, a ṣáà kọ ọ́. A tún kọ ọ́ pé ẹni tó ń po orin kò gbọdọ̀ yí ohùn ẹnikẹ́ni padà láì jẹ́ kó gbọ́ ọ ná, kò sì gbọdọ̀ gbé ìlù kúrò nínú orin kan lọ sínú òmíràn láìtọrọ rẹ̀. Òru ọjọ́ kan la fi jiyàn lórí ìlà yẹn. Ọmọ Manchester ní a ń fi òun sínú ẹ̀wọ̀n. Mo ní rárá o, àwa kò bínú sí i, ṣùgbọ́n kó bi onílù léèrè ohun tí ìlù náà ń sọ kó tó fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà yẹn ló ti ń béèrè, òun fúnra rẹ̀ sì sọ fún mi pé òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀.

Òfin wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú. Copyright Act ti ọdún 2022, òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà, kò mọ ẹni tó kọ orin nìkan, ó mọ ẹni tó ṣeré náà, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Kò dìgbà tí a bá fi orúkọ orin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ẹ̀tọ́ náà tó wà. Ti ẹni tó kọ orin tàbí tó to ohùn rẹ̀ a máa wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo sọ èyí fún ọmọ mi ní Ọ̀yọ́, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ìyá, ọmọ ọmọ mi máa gbọ́ ọ nígbà yẹn." Ṣùgbọ́n òfin tí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kò ní owó lọ́yà láti fi lò, ewé yẹn tí a jọ kọ ló máa kọ́kọ́ gbà á.

Mo wá fẹ́ bẹ ẹ̀yin olóòtú. Ẹ̀yin náà ní ojú ìwé tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ orin tuntun. Tí ẹ bá ń kọ nípa orin kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá: ta ló lu ìlù rẹ̀? Ẹ má gba "àti ẹgbẹ́ rẹ̀". Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kékeré. Kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà béèrè.

Ọmọ náà ti padà sídìí ìlù. Orin tuntun kan wà lọ́wọ́ wa báyìí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bàbá mi ni mo fúnra mi ń lù nínú rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kan ti já, mo fi òwú ìránṣọ mi so ó. Gìtá ti wà níbẹ̀, ìyáàlù ti wà níbẹ̀, mo ti kọ ipa mi. Ohun tí kò tíì sí nínú rẹ̀ ni agogo. Ọmọ Manchester ní òun lè fi kọ̀ǹpútà ṣe agogo, a sì ní kó dúró ná.

Nítorí náà, mo ń pe bàbá wa ní Sùúrùlérè. Kí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sọ́dọ̀ olóòtú, n ó wá mú wọn pẹ̀lú ọkọ̀, n ó sì dá wọn padà. Kí ó jẹ́ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, torí ó di aago méjì òru kí Bàrígà tó dákẹ́. Tíì gbígbóná á wà. Àyè wọn wà lórí ewé náà, ìlà karùn-ún, a fi í sílẹ̀ lófo. Kí wọ́n gbé agogo tiwọn lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ìyá Aránṣọ,
Bàrígà, Èkó.